Òṣogbo, Ìkejì, Ìmẹ̀kọ: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó onírìn-àjò sí ibi mímọ́

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, sí Ìkejì-Arákejì, sí Ìmẹ̀kọ tàbí sí ibojì Bilikisu Ṣùngbọ́ l'Ókè-Ẹ̀rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ti gbọ́ ìtàn ibẹ̀ kó tó gbéra, n ò ní í tún un sọ. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni pé ibi kọ̀ọ̀kan ló ní onílé, ló ní ọjọ́, ló sì ní èèwọ̀. Ẹni tí kò bá béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, ojú ọ̀nà ni yóò ti fi owó kọ́gbọ́n. Ó máa ń dùn mí wọra, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé owó àjọ ni wọ́n kó fi wá.

1. Ríra tíkẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ tó jáde

Ọdún Ọ̀ṣun kò dúró sójú kan lórí kàlẹ́ńdà bíi Kérésìmesì. Oṣù kẹjọ ló sábà máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ló ń kéde ọjọ́, ó sì lè yàtọ̀ sí ti èṣí. Ẹni tó ń bọ̀ láti London, Houston tàbí Salvador, tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà láti oṣù kejì, orí ìméfò ló gbé owó rẹ̀ lé. Ẹ dúró de ìkéde, tàbí kí ẹ ra èyí tó ṣeé yí.

Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣe ọdún náà. Ìwọ́pòpó, ìyẹn títún ojú ọ̀nà ṣe, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà Ìboríadé, tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jọ. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn ni Arugbá, ọmọbìnrin wúńdíá, ń ru igbá ẹbọ láti ààfin lọ sí ojúbọ létí odò. Ẹni tó bá wọ Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, tó sì fẹ́ padà sí Èkó lálẹ́, èrò ni yóò wò. Bó bá jẹ́ pé àdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá, ẹ má wá lásìkò ọdún rárá. Igbó náà máa ń ṣí jálẹ̀ ọdún, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń yí po lọ́rọọrún lẹ sì máa bá àwọn ìyá Ọ̀ṣun nídìí òrìṣà, tí wọ́n á lè fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

2. Sísan owó fún ẹni tí ẹ ò mọ ilé rẹ̀

Lẹ́nu géètì igbó Ọ̀ṣun, òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń gba owó ìwọlé. Ẹ gba rìsíìtì. Owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ti fídíò tún yàtọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e jáde nínú báàgì. Owó géètì kò sì kan owó obì, oyin tàbí ohun tí àwọn àwòrò bá ní kí ẹ mú wá fún ẹbọ. Ẹni tó bá pàdé yín lójú títì, tó ní òun á gba gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí níbì kankan nínú ètò náà.

Ti àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe ìtẹ̀fá tàbí gba Ọ̀ṣun láti Amẹ́ríkà àti Brazil ló burú jù. Wọ́n á ti fi dọ́là ránṣẹ́ tán sí bàbá kan tó jẹ́ pé orí Facebook ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè ilé tó ti jáde wá, ẹ béèrè orúkọ àgbà tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn nínú ìlú kan náà tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹ ní kó kọ ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀: ewúrẹ́, adìẹ, obì, oyin, aṣọ funfun, ìkòkò, owó ọwọ́ àwọn àgbà. Babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹ san díẹ̀, kí ìyókù di ìgbà tí ẹ bá dé ilé rẹ̀.

3. Ilé tí ẹ máa sùn

Ẹ gbà á ṣáájú. Bí Òṣogbo bá ti kún, ẹ sùn l'Édè tàbí n'Íkìrun.

4. Omi

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró sí, torí ó ti kọjá ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ dúró létí odò lọ́jọ́ ọdún, ẹ ó rí ìyá ọlọ́mọ tó ń bu omi Ọ̀ṣun sẹ́nu ọmọ ọwọ́, ẹ ó rí aboyún tó ń mu ún ní ìgò, ẹ ó rí àwọn tó ń rọ kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún láti gbé e lọ sílé. Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti odò náà. Odò Ọ̀ṣun ń sàn wá láti apá Èkìtì, ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó kan Òṣogbo, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn sì ni wọ́n ti ń wa wúrà. Àwọn awakùsà á gbẹ́ ilẹ̀ létí àwọn odò kéékèèké, wọ́n á fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè jáde, ẹrẹ̀ tó kù á sì ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ níbi tí wúrà wà, bí òjé (lead), máa ń bá ẹrẹ̀ náà lọ, àwọn kan sì ń lo mẹ́kúrì láti kó wúrà jọ. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Síbẹ̀, wọ́n mu ún.

Àwọn tó gbọ́ ìkìlọ̀ máa ń sọ pé àwọn á sè é. Síse ń pa kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì, kì í pa òjé, kì í sì í lé e jáde. Omi ló ń bá ooru lọ, òjé á kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ìyẹn ni pé omi tó gbẹ díẹ̀ lórí iná tún ki sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Álọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ó ń mú kí ẹrẹ̀ silẹ̀, omi á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ohun tó ti yòrò sínú omi ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ kò lè dá a dúró. Òjé kò ní òórùn, kò ní adùn, kì í pani lọ́jọ́ kan. Inú egungun ló ń kó sí díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ti aboyún ń ré kọjá sára ọmọ inú. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Mo mọ ohun tí àwọn olùfọkànsìn máa ń fi dá èèyàn lóhùn: omi tútù ni Ọ̀ṣun fi ń wo ọmọ, báwo ló ṣe máa pa wọ́n lára? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Yèyé ló da ẹrẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àwòrò Ọ̀ṣun gan-an ti ń ké sí ìjọba lórí ohun tí àwọn awakùsà ń fi odò náà ṣe. Bíbọ̀wọ̀ fún omi náà kò ní kí a tan ara wa pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbàdúrà, ẹ fọwọ́ kan omi, ẹ fi kan orí bí ìgbàgbọ́ yín bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ojúbọ ilé, ìgò kékeré kan tó. Ẹ kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe mímu, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní í tó. Ẹni tó ń wọkọ̀ òfuurufú kò lè gbé ju mílílítà 100 mọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, torí náà inú ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n ni kó wà: ẹ fi ọ̀rá di ìdérí rẹ̀, ẹ tún fi sínú ọ̀rá méjì, ẹ wá fi aṣọ wé e. Ẹ má sì ra kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti pọn sílẹ̀ lójú títì. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, ẹ ò sì mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀.

Omi tí àwọn ìjọ aládùúrà ń bù lórí òkè àti ní ojú ìsun yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì kan náà ló jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ kàn fi omi ṣàn lẹ́ẹ̀mejì kò tíì mọ́. Ọṣẹ àti omi gbóná ni, kí ẹ gbé e dojú dé títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ bá sì gbé omi náà sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara kẹ́ẹ̀gì á bẹ̀rẹ̀ sí í hu ohun aláwọ̀ ewé. Ẹ má tún mu ún mọ́.

Kí n tó kúrò l'Óṣogbo: igi gígé, ẹja pípa àti ẹran dídẹ jẹ́ èèwọ̀ nínú igbó náà. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Àdébísí Àkànjí kọ́ síbẹ̀ kì í ṣe àga. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wọn, òjò ti ń jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun wọ́n ya fọ́tò ló sì ń parí rẹ̀. Ẹ má ṣe dí Arugbá lọ́nà, ẹ má sì ṣe na fóònù sí i lójú. Wọn kì í fẹ́ kó fẹsẹ̀ kọ.

Ní ti ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo rin gbogbo ipasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC: Òkè-Ooyè n'Íléṣà níbi tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ̀rẹ̀, Ìkejì-Arákejì níbi tó ti gbọ́ ìpè lọ́dún 1928 nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbi tí wọ́n sin ín sí lọ́dún 1959. Wọn kò sí lójú ọ̀nà kan náà. Ní Ìwaràjà ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan gba Ẹrinmọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, èkejì ń lọ sí Ìkejì àti Àkúrẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ n'Íléṣà láàárọ̀, ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ẹ sùn síbẹ̀, kí Ìkejì di ọjọ́ kejì. Òkè àti kọ́nà pọ̀ lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, kùrukùru sì máa ń bò ó. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀.

Ààwẹ̀ gbígbẹ lórí òkè àdúrà ńkọ́? Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kídìnrín, àti aboyún, kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ láìmu omi. Kò sì gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀ torí pé òun ń gbàdúrà. Kó rí dókítà rẹ̀ kó tó lọ, kó sì sọ fún alákòóso òkè pé òun máa ń lo oògùn. Bí ìtọ̀ bá ti dúdú, tí ojú ń ṣókùnkùn nígbà tí èèyàn bá dìde, omi ló yẹ kó kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣínu, kó fi ẹ̀kọ mímu díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe fi iyán bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, òtútù òkè máa ń mú gan-an lóru: ẹ gbé ẹní, aṣọ ìbora àti tọ́ọ̀ṣì dání.

Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n sin Wòlíì S.B.J. Oṣòffà, olùdásílẹ̀ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial), sí lọ́dún 1985, máa ń kún fọ́fọ́ nígbà Kérésìmesì. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, ẹ má wọ dúdú tàbí pupa wọ ibẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má mú sìgá, ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dání. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ tẹ́ńpìlì wọn. Kó ka ọjọ́ rẹ̀ kó tó sanwó ọkọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gba yàrá kó tó di oṣù Kérésìmesì, inú ọkọ̀ ni yóò sùn.

Mọ́sálááṣí Shitta-Bey ní Martins Street l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 4 oṣù keje ọdún 1894, wà láàárín ọjà. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, inú gosílóò ni ọjọ́ rẹ̀ máa tán sí. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára. Ẹ má fi ọ̀sán Jímọ̀ ṣe ìgbà ìbẹ̀wò àti fọ́tò, ẹ má sì ya ẹni tó wà lórí ìrun.

L'Ókè-Ẹ̀rí, kí àwọn obìnrin béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ibojì ibi tí wọ́n lè wọ̀ dé kí wọ́n tó gbéra nílé. Ẹni tó ní òun á fi hàn yín pé Bilikisu ni ayaba Ṣébà tí Sólómọ́nì mọ̀, pé òun ló sì gbẹ́ yàrà ńlá tí wọ́n ń pè ní Erédò, ẹ má fún un lówó ìtàn. Ayaba yẹn ti pẹ́ tó 3,000 ọdún, nǹkan bí 1,000 ọdún sì ni ti yàrà náà. Yàrà ọ̀hún tó ohun tí èèyàn ń rìnrìn àjò lọ wò láìsí Ṣébà: ó gùn tó kìlómítà 160, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan.

Àwọn tó bá fẹ́ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin lọ wo mọ́sálááṣí ńlá tí àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ láàárín 1912 sí 1935, ẹ má wá ilé olórùlé róbótó. Ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ìwé ìrìnnà tí kò tíì kọjá ọjọ́ àti káàdì àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹni tí kò bá ní káàdì yẹn ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀. Ẹ ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà (CFA), owó ibẹ̀, díẹ̀ kí ẹ tó kúrò n'Íbodè, èyí tó tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ọlọ́kadà Àjàṣẹ́ kì í gba náírà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.