Bí ẹ́ńjìnnì kékeré tí ẹ gbé sínú ọkọ̀ àfọwọ́ṣe kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa

Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí lórí ẹ̀rọ tí ń fa omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní ọjọ́ tí a bá gbé e sínú ọkọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti mú sípánà, wọn á ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀, kí wọ́n tó béèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú: kí ni a yí padà? Bí ara ẹ́ńjìnnì náà bá dá ní ibi tí ó ti wá, ibi tí ó ti fara kan ọkọ̀ tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyẹn ọ̀nà tí epo ń gbà, wáyà tí ń pa á, bí ó ṣe jókòó lórí férémù, kébù tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti ẹrù tí ó ń fà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí ohun tí kò lè yẹ̀, kí táyà má fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì yọ fìlà orí púlọ́ọ̀gì nígbàkígbà tí ọwọ́ yín bá máa sún mọ́ ṣéènì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 10, tí ó wá ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Lórí jẹnẹrétọ̀, táǹkì wà lókè kábúrétọ̀, epo sì ń fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Nínú ọkọ̀, a sábà máa ń gbé táǹkì lọ sí ìsàlẹ̀ nítorí àyè, a sì ń retí pé kí epo gun òkè, ohun tí kò lè ṣe. Ẹ gbé táǹkì ga padà, tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù epo kékeré kún un. Bí táǹkì bá wà lókè tí ìṣòro náà kò sì lọ, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọlé fììì, tí ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré tí ó wà lára ìdérí ni ó ti dí. Ẹ fi ojú tọ rọ́bà epo láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èyí tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà kọjá lè yọ́, kí ó sì dá iná sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé orí òkè tàbí ibi tí ọkọ̀ ti ń yí kọ́nà ni ó ti ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹnìkan fọwọ́ pa á, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ní ohun kan nínú ikùn rẹ̀ tí ń pa iná púlọ́ọ̀gì bí óìlì bá lọ sílẹ̀, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín óìlì tí ó dínkù àti óìlì tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé ẹ́ńjìnnì tẹ̀. Ẹ wọn óìlì lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ wá já wáyà tí ó jáde láti ara ikùn ẹ́ńjìnnì náà fún àyẹ̀wò ráńpẹ́. Bí kò bá kú mọ́, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó parí síbẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí ń ta óìlì sókè fúnra rẹ̀ kò ní rí óìlì tó bí ó bá tẹ̀ jù. Ẹ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe kí ó tẹ́jú.

Bí kò bá tilẹ̀ jí rárá, tí púlọ́ọ̀gì kò sì ju iná, ẹ já wáyà tí ń pa á kúrò. Ó wọ́pọ̀ kí férémù ti bó ara wáyà yìí níbi tí ó gbà kọjá, kí irin sì máa kan irin.

Kébù ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Gọ́fánọ̀ ni ó ń di ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ mú sí ìyípo 3000 tàbí 3600 ní ìṣẹ́jú kan, nípa ṣíṣí ẹnu kábúrétọ̀ àti pípa á dé fúnra rẹ̀. Nínú ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, mo so kébù tààrà mọ́ ẹnu kábúrétọ̀, mo sì yọ gọ́fánọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọjọ́ kan mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ké títí mo fi fa wáyà púlọ́ọ̀gì já. Nígbà tí mo wò ó, ike tí ó bo kébù ti yọ́ lẹ́bàá sàlẹ́ńsà, okùn inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí ń yí tí ìyára rẹ̀ kò ní ìdíwọ́ lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ṣe ènìyàn léṣe. Nítorí náà, apá tí ń na sípíríǹgì gọ́fánọ̀ ni kí kébù máa fà, kí sípíríǹgì mìíràn máa dá a padà, kí bọ́tìnnì tí ń pa ẹ́ńjìnnì sì wà ní ibi tí ọwọ́ awakọ̀ lè kàn láìwò.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀, tí kílọ́ọ̀ṣì sì ń rùn bí ohun tí ó ń jó, ẹ ka eyín irin tí ṣéènì gùn lé, ti ara kílọ́ọ̀ṣì àti ti ẹ̀yìn tí ń yí táyà. Eyín 10 lára kílọ́ọ̀ṣì àti 60 lára ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ìyípo 3600 yóò fún yín ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Bí eyín ẹ̀yìn yín bá jẹ́ 30, ẹ ti béèrè fún ìlọ́po méjì ìyára yìí lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní agbára rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn tí ó pọ̀ sí i ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe kábúrétọ̀ tí ó tóbi.

Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ pa á, kí ó tutù, kí ẹ wá dán gbogbo bọ́ọ̀tì ìjókòó ẹ́ńjìnnì wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti tú díẹ̀, ẹ tún wo bóyá ṣéènì ṣì tọ́, torí ẹ́ńjìnnì tí ó sún díẹ̀ ti fa ṣéènì kúrò ní ọ̀nà rẹ̀.