Ẹ Ka Oko Yín Kí Kọmbáìnì Tó Wọ̀ Ọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Tó Ń Dáko ní Prairie Kánádà

Láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ní Saskatchewan, Alberta àti Manitoba, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Prairie: mélòó ni éékà kan máa mú wá lọ́dún yìí? Àgbẹ̀ ń bèèrè nítorí gbèsè ajílẹ̀ àti owó ẹ̀rọ. Oníṣòwò ọkà ń bèèrè nítorí ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ háyà. Ìdílé tó ń sin màlúù ń bèèrè nítorí ohun tí ẹran máa jẹ nígbà òtútù. Ó kan ẹni tó ń ra búrẹ́dì n'Ìbàdàn náà, torí òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń lọ̀ ti ń wá, Kánádà sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wa.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ lóko níbẹ̀, àti àwọn tó ti ń gba ilẹ̀ tiwọn, la kọ ìwé yìí fún. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: iye tí wọ́n kéde lórí rédíò kì í ṣe iye oko yín. Ẹ wọ inú oko lọ, kí ẹ ka ṣírí àti hóró rẹ̀ kí kọmbáìnì, ẹ̀rọ tó ń kórè ọkà, tó wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò rí bákan náà

Ẹni tó bá wakọ̀ láti Winnipeg lọ sí Calgary lè rò pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan náà lòun ń rí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àfonífojì Odò Red River ní Manitoba, ilẹ̀ amọ̀ ni, ó ń di omi mú, omi àpọ̀jù ló sì sábà máa ń ba irè jẹ́ níbẹ̀. Ní agbègbè Melfort, ní àríwá ìlà-oòrùn Saskatchewan, ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá ni. Ẹ wá bọ́ sísàlẹ̀ lọ sí Swift Current, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ máa rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ ti ṣá, òjò sì ti ṣọ̀wọ́n. John Palliser, olùṣàwárí tó rin ilẹ̀ yẹn láti 1857 sí 1860, sọ pé apá gúúsù náà gbẹ jù fún iṣẹ́ oko, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe agbègbè náà di òní. Àwọn àgbẹ̀ dá a lóko ṣáá, lẹ́ńtìlì (irú ẹ̀wà kéékèèké kan) àti àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní dúrọ́ọ̀mù ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dá kò kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí búṣẹ́ẹ̀lì 40 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọkà níbẹ̀) lórí éékà kan fi lè mú kí àgbẹ̀ Swift Current rẹ́rìn-ín, kí ti Melfort sì fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí oko yín mú wá láwọn ọdún tó ti kọjá ni kí ẹ fi wé tọdún yìí, ẹ má fi ti ìlú mìíràn wé e. Òjò ìgbà ooru níbẹ̀ tilẹ̀ lè rọ̀ sí apá kan títì kó má kan apá kejì.

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń gbin èyí tó pọ̀ jù. Píìsì àti lẹ́ńtìlì ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó, láàrin oṣù Kẹjọ. Báálì, àlìkámà àti kánólà, irúgbìn tí wọ́n ń fún epo rẹ̀, á tẹ̀ lé e. Ọ̀gbọ̀ máa ń pẹ́, ó lè wọ oṣù Kẹwàá. Ìrì dídì lè bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nítorí náà oko tó ṣì tutù minimini lópin oṣù Kẹjọ kì í ṣe oko tí à ń yọ̀ sí.

Ohun tí ìròyìn ìjọba lè sọ fún yín

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti ìgbà gbígbìn títí ìkórè fi máa parí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ìròyìn oko jáde. Ní Saskatchewan, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ìpínlẹ̀ náà ló ń fi ohun tí wọ́n rí ládùúgbò wọn ránṣẹ́. Ìròyìn yìí wúlò gan-an. Ẹ máa kà á fún ọ̀rinrin ilẹ̀, fún tata àti àrùn tó wà nítòsí yín, àti fún bí ìkórè ṣe ń lọ sí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ní irè kan "dára" tàbí "kò dára", ìrísí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Oko lè tutù kó sì ga, kí hóró inú ṣírí rẹ̀ má tó nǹkan.

Statistics Canada, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún gbogbo Kánádà, náà ń gbé iye tirẹ̀ jáde. Àwòrán sátẹ́láìtì àti àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ti oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án. Nígbà tí ìkórè bá parí ni wọ́n tó bi àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, èyí tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù Kejìlá. Iye yìí ló ń mi ọjà. Ẹ máa fi mọ ibi tí owó ọkà ń lọ, àmọ́ ẹ má fi ṣe ìṣirò ilẹ̀ tiyín.

Bí a ṣe ń ka àlìkámà

Ẹ fi igi tàbí páìpù kan férémù onígun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló ń jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ẹ wọ oko nígbà tí hóró bá ti kún tó sì ti ń le. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ mú hóró kan, kí ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí omi funfun bá jáde, ó ti yá jù. Bí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀ tí kò kún padà, ọ̀rinrin inú rẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kíkà rẹ̀ sì ti ní ìtumọ̀.

Ẹ gbé férémù náà sílẹ̀ níbi mẹ́wàá ó kéré tán. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ: ẹsẹ̀ àgbẹ̀ máa ń gbé e lọ síbi tí irè ti dára. Ẹ rìn gba orí òkè kékeré tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ gba etí ọ̀gọ̀dọ̀, ẹ gba ibi tí táyà ẹ̀rọ ti tẹ ilẹ̀ le, kí ẹ tó gba àárín oko. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ ka gbogbo ṣírí tó wà nínú férémù. Lẹ́yìn náà, ẹ diju já ṣírí mẹ́wàá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, kí ẹ ka hóró tó kù.

Ká ní ṣírí 96 lẹ rí nínú férémù lápapọ̀ ìdọ́gba. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: 384. Ká ní hóró 26 ló wà nínú ṣírí kan. 384 lọ́nà 26 jẹ́ hóró 9,984 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ìwọ̀n hóró 1,000 ló kù. Ti àlìkámà pupa ìgbà ìrúwé sábà máa ń wà láàrin gíráàmù 30 sí 40. Ẹ mú 33. Ẹ sọ 9,984 di ìlọ́po 33, kí ẹ fi 1,000 pín in: èyí fún wa ní gíráàmù bíi 330 lórí mítà kan níbùú lóròó. Gíráàmù 6.7 lórí mítà kan níbùú lóròó ló ń jẹ́ búṣẹ́ẹ̀lì àlìkámà kan lórí éékà, nítorí náà ẹ fi 6.7 pín in, ẹ máa rí búṣẹ́ẹ̀lì 49 lórí éékà kan.

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe, kí ẹ lè rí ohun tí ooru ìparí oṣù Keje ń ṣe. Ṣírí kò dín, hóró kò dín, ṣùgbọ́n ooru mú kí ọkà gbó kíá kí inú hóró tó kún, ìwọ̀n 1,000 wá jẹ́ gíráàmù 27 dípò 33. Oko kan náà á já sí búṣẹ́ẹ̀lì 40. Búṣẹ́ẹ̀lì 9 ti lọ láìsí pé ojú rí i láti ojú títì. Nítorí náà ẹ má fojú bu ìwọ̀n hóró. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, ẹ ka hóró 500 tó ti gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Bí apá kan ṣírí bá ti funfun tí ìyókù ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn fusarium, pàápàá níbi tí òjò bá ti pọ̀ nígbà òdòdó. Hóró inú apá yẹn á rún, á fúyẹ́, afẹ́fẹ́ kọmbáìnì á sì fẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Ẹ má kà á mọ́ tiyín. Èyí tó bá kù nínú rẹ̀ lè ní májèlé nínú, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ẹ tó fún ẹran jẹ.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, èrò tiwa ni pé kí ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Ẹ̀rọ á da díẹ̀ nù, ẹranko igbó á jẹ tiẹ̀, ibì kan á sì wà tí kọmbáìnì ò ní lè dé.

Kánólà kò rọrùn láti kà

Kánólà ń yọ ẹ̀ka láti fi dí àlàfo, ìyẹn ni kíka èèpo rẹ̀, àpò tí hóró wà nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe déédéé. Ohun tí ẹ lè fi ojú ara yín rí ni ìyà tó ti jẹ. Bí ooru bá ju nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 30 lọ nígbà tó ń tanná, òdòdó á rẹ̀ dànù kó tó di èèpo. Ẹ wo igi àárín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: níbi tí ooru ti mú un, àlàfo á wà láàrin èèpo bí ẹnu ẹni tí eyín ká.

Bí ẹ bá fẹ́ gé e sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ dúró títí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún irúgbìn orí igi àárín náà fi máa yí àwọ̀ padà. Ẹni tó bá kánjú gé e á ní hóró kéékèèké. Bí ìrì dídì bá mú un láìtíì gbó, àwọ̀ ewé á há sínú hóró náà, ibẹ̀ sì ni owó ti ń lọ: bí hóró tí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé bá ju 2 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò lè jẹ́ ipò kìíní mọ́. Ẹ to hóró 100 sórí bébà tó ń lẹ̀, ẹ fi igi tẹ̀ wọ́n fọ́, ẹ ka èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ ṣe é léraléra láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko.

Ohun tí 2021 kọ́ àgbẹ̀ Prairie

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru ńlá kan bo ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ní Lytton ní British Columbia, ó dé ìwọ̀n Celsius 49.6 ní ọjọ́ 29. Ooru náà kọjá sí Prairie, ó bá ilẹ̀ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Àlìkámà gbogbo Kánádà, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 35 ní 2020, já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 22.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fọwọ́ síwèé nígbà ìrúwé pé àwọn máa kó iye ọkà báyìí wá. Nígbà tí oko ò mú iye yẹn wá, owó ọkà sì ti lọ sókè, wọ́n ní láti fi owó àpò ara wọn san ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó pè é ní igba, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Kí ẹ tó ka oko, ẹ má ṣe ṣèlérí ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí oko yín sábà ń mú wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á, ẹ lè fi kún un. Kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn náà dáadáa, pàápàá ibi tó ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọkà ò bá pé.

Bí oko bá ti bàjẹ́

Bí kíkà yín bá fi hàn pé kò ní tó owó epo kọmbáìnì, ẹ má gé e fún ẹran, ẹ má sì túlẹ̀ bò ó, kí ẹ tó pe iléeṣẹ́ adójútòfò irè oko: SCIC ní Saskatchewan, AFSC ní Alberta, MASC ní Manitoba. Wọ́n gbọ́dọ̀ rán ẹni tó máa wò ó wá. Bí ẹ bá ti gé e kí wọ́n tó dé, ẹ̀tọ́ yín lè bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹran, ẹ fi etí sí èyí. Ootì àti báálì tí ọ̀dá ti fìyà jẹ lè kó nítréètì, èròjà kan tó ń wá láti inú ilẹ̀, jọ sínú igi rẹ̀, ó sì lè pa màlúù. Ó ń pọ̀ sí i bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá tàbí tí ìrì dídì bá mú un. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, ẹ má gé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí ẹran tó fẹnu kàn án.

Nígbà tí kọmbáìnì bá wọlé

Ọ̀rinrin tí wọ́n ń gbà pé ọkà ti gbẹ fún títà ni 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àlìkámà, 14.8 fún báálì, 16 fún píìsì àti 10 fún kánólà. Òjò tó bá rọ̀ sórí àlìkámà tó ti gbó máa ń ṣá a láwọ̀, ó sì lè mú kó hù nínú ṣírí, nítorí náà ó sàn kí ẹ kó o nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ nínú àká. Ní ti kánólà, ẹ má fi sílẹ̀ nínú àká láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè gbóná láti inú wá kó sì jóná.

Canadian Grain Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ipò ọkà, ń ṣàyẹ̀wò ọkà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún àgbẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sọ ipò rẹ̀ àti iye purotéènì inú rẹ̀. Ẹ gba èsì yìí kí ẹ tó gbé ọkà lọ sí ẹ́lífétọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ra ọkà tí wọ́n sì ń kó o pa mọ́. Lọ́dún ọ̀dá, búṣẹ́ẹ̀lì máa ń dín ṣùgbọ́n purotéènì máa ń ga, ẹni tí kò bá sì mọ tiẹ̀ lè tà á lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ wọn ẹrù ọkọ̀ àkọ́kọ́, ẹ pín in fún éékà tó ti wá, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ kà. Bó bá kéré ju ti yín lọ dáadáa, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó dá òjò lẹ́bi. Ẹ tẹ́ páànù pẹrẹsẹ kan sílẹ̀ kí kọmbáìnì gbà á kọjá, ẹ yọ ìyàngbò, ẹ wọn hóró tó kù. Nínú kánólà, gíráàmù 5.6 lórí mítà kan níbùú lóròó, tí ẹ bá pín ohun tó jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ ká gbogbo ibú tó gé, ti jẹ́ odidi búṣẹ́ẹ̀lì kan tó ń dà nù lórí éékà kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá awakọ̀ dúró, ẹ dín eré kù, ẹ tún afẹ́fẹ́ àti asẹ́ rẹ̀ ṣe, kí ẹ tún páànù náà tẹ́ kí iṣẹ́ tó máa lọ.