Bí a ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ 'order' dé gbòǹgbò rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a kì í fi ọjọ́ kan ṣàìgbọ́ ní Ìlọrin. Aláṣọ ní Ọjà Ọba ń gba 'order' lórí fóònù. Tíṣà ní kí àwọn ọmọ to orúkọ ní 'alphabetical order'. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹ̀rọ ATM pé ó wà ní 'out of order'. Bí ariwo bá sọ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, 'Order! Order!' ni alága ń ké. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC a máa há ìtumọ̀ wọ̀nyí sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ó máa ń dùn mí, torí ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, ẹni tó bá sì mọ ìyá wọn kò ní í wá ọ̀kankan tì mọ́. Bí a ṣe ń wá ìyá náà rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. 'Order' ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹ lè gbà fún ọ̀rọ̀ yòówù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó gbólóhùn jọ.

Ẹ má tíì ṣí ìwé kankan. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo gbólóhùn tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Gbólóhùn odindi ni kí ẹ kọ, torí inú gbólóhùn ni ìtumọ̀ ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí agbo. Ní ti 'order', agbo mẹ́rin ló sábà máa ń jáde: títo nǹkan ní ẹsẹẹsẹ, àṣẹ, ọjà tí a ní kí wọ́n ṣe fún wa tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́, àti ẹgbẹ́ tó ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa Tíjáníyà àti Kádíríyà, àwọn ẹgbẹ́ Sufi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní 'Sufi order'. Oyè ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1964 dá sílẹ̀, irú 'Order of the Niger', inú agbo yẹn náà ló wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìwé atúmọ̀ èdè tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀.

Àwọn kékeré tí ọmọ ilé-ìwé ń rà sábà máa ń fo apá yìí. Àwọn ńlá a máa fi í sínú àkámọ́, níbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí àlàyé ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ ní, Online Etymology Dictionary wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó pàdé lẹ́tà kéékèèké: ME ni Gẹ̀ẹ́sì ayé àárín, OF ni Faransé àtijọ́, L ni Látìnì. Àmì < ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì ti ara èyí tó wà lápá ọ̀tún wá. Nítorí náà, bí ẹ ti ń kà á lọ, ẹ̀yìn lẹ ń rìn lọ nínú ìtàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tẹ̀ lé e láti èdè dé èdè.

Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni Faransé ti di èdè ààfin àti ti àwọn alágbára níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìṣèjọba àti ti ẹ̀sìn sì ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì wìtìwìtì. Bí 'ordre' àwọn Faransé ṣe wọlé nìyẹn, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Látìnì ni Faransé ti mú un: 'ordo'.

Ẹ máa wo ìtumọ̀ tó ṣáájú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn tó ń gbé lábẹ́ òfin kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ti àṣẹ kò gbilẹ̀ títí di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ti ọjà sì tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Okùn tó so wọ́n kò ṣòroó rí: ẹni tó ń to èèyàn ló ń sọ ibi tí kálukú yóò dúró, àṣẹ sì nìyẹn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníṣòwò pé kó kó ọjà báyìí wá, ló di 'order' tí aláṣọ Ọjà Ọba ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun tí ojú lè rí nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ibí ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́nu àwọn ará Róòmù, 'ordo' ni ìlà tó tò gbọọrọ: ìlà ọmọ ogun, ìlà ìjókòó. Àwọn onímọ̀ so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kan, 'ordiri', tó túmọ̀ sí kí a na òwú sílẹ̀ fún aṣọ híhun. Ẹni tó wà ní Ìlọrin kò nílò àwòrán fún èyí. Ẹ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, kí ẹ sì débẹ̀ kí ahunṣọ tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á ti ri igi mọ́lẹ̀, ẹni tó ń na òwú á máa lọ, á máa bọ̀, á máa fi òwú yí igi ká: funfun tó báyìí, búlúù tó báyìí, pupa tó báyìí, bí ìlà aṣọ yóò ṣe rí. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀. Èyí tó bá ṣìnà níbí, àléébù rẹ̀ yóò hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé ìparí, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ahunṣọ lè ṣe sí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so ìdí òwú mọ́ ẹrù wúwo lọ́ọ̀ọ́kán, tí yóò máa wọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn. Iṣẹ́ nína yìí ni 'ordiri'. Torí pé òun ló ń ṣáájú híhun, àwọn ará Róòmù tún ń lò ó fún bíbẹ̀rẹ̀ ohunkóhun; ibẹ̀ ni 'primordial', ohun ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó ẹbí jọ, kí ẹ sì yọ àjèjì kúrò.

'Ordinal' (ìkíní, ìkejì, ìkẹta), 'coordinate' inú ìṣirò, 'subordinate', 'ordain', 'disorder': ẹbí kan ni wọ́n. 'Ordinary' náà wà níbẹ̀, ohun tó tò sórí ìlà bíi ti àwọn yòókù. Òun ni 'O' inú O'level. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrísí nìkan gba ọmọ ẹbí. 'Border' kò bá wọn tan, ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa etí nǹkan ló ti wá. 'Recorder' ti ara 'cor' wá, ìyẹn ọkàn ní Látìnì, torí ohun tí a fi pa mọ́ sọ́kàn ni. 'Ordeal' kò tilẹ̀ gba Látìnì kọjá rárá, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gan-an ni. Ẹ wo orírun ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ padà sórí bébà àkọ́kọ́.

Ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í pé ìlà wo ló wà nínú rẹ̀, ta ló sì ń tò ó. Aṣòfin tó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò kàn án ti kúrò lórí ìlà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé òun náà wà ní 'out of order'.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé kéwú wá, ẹ ti mọ irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, torí lábẹ́ gbòǹgbò ni ìwé atúmọ̀ Lárúbáwá ń to ọ̀rọ̀ sí. Ẹ wo 'niẓām', tí wọ́n ń lò fún ètò: gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ nípa sísin ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn, iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin nígbà kan mọ̀ dunjú. Tí ẹ bá ti ṣe 'order' tán, 'series' ni kí ẹ gbé tẹ̀ lé e.