Inú oúnjẹ ajá kékeré gan-an ni kí ẹ ti yọ ìpápánu rẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá kékeré, láàárọ̀ ni kí ẹ ti fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ tó máa jẹ títí di alẹ́, kí ẹ wá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú abọ́ kan lọ́tọ̀. Tó bá ń tọrọ, inú abọ́ yẹn ni kí gbogbo ará ilé ti máa mú fún un. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ọ̀rá ni kí ẹ sá fún jù: awọ adìyẹ, ọ̀rá tí ẹ gé kúrò lára ẹran, òróró ìdí àwo. Ọ̀rá àpọ̀jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè mú kí pancreas, ìyẹn ẹ̀yà inú ara tó ń ṣe omi tó ń mú kí oúnjẹ dà, wú, kí omi náà sì máa jẹ pancreas fúnra rẹ̀. Ajá kílò 5 ò sábà nílò ju kálórì 300 sí 400 lójúmọ́. Wàràkàṣì gíráàmù 30 péré lè gba ju 100 nínú rẹ̀. Àmọ́ o, tí ẹ bá tiẹ̀ ń ṣọ́ra, àwọn ajá kan ṣì lè ní àìsàn pancreas wíwú yẹn, pàápàá irú ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Miniature Schnauzer, tí ọ̀rá sábà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tó bá ń bì léraléra, tàbí tó fi àyà lélẹ̀ tó gbé ìdí sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.