Kọ́ọ̀tù ti ní kẹ́ ẹ máa gbé lọ́tọ̀, báwo lẹ ṣe máa wá kọ ara yín tán?

Àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga fún yín pé kẹ́ ẹ máa gbé lọ́tọ̀, ìyẹn judicial separation, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ o. Kò sí bó ṣe lè pẹ́ tó, kò ní di ìkọ̀sílẹ̀ fúnra ẹ̀, àfi kí ọ̀kan nínú yín pe ẹjọ́ tuntun. Ẹ wo bó ṣe rí ná, tẹ́nì kan bá kú láìṣe wíìlì èkejì ò lè jogún ẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò lè fẹ́ ẹlòmíì! Ìgbéyàwó rẹ́jísírì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní sátífíkéètì ni mò ń sọ ṣá, tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, kọ́ọ̀tù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ni tiyín.

Ẹ lọ sí rẹ́jísírì kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ gba kọ́pì àṣẹ náà tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, ẹ má kó fọ́tòkọ́pì tí lẹ́tà ẹ̀ ti ń pa rẹ́ wá fún lọ́yà. Ìwé yẹn wúlò gan-an, torí Matrimonial Causes Act ti 1970, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó, fàyè gba adájọ́ láti gbà á bí ẹ̀rí tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ pínyà náà lẹ tún gbé wá, bí àgbèrè tàbí ìwà tí ò ṣeé bá gbé, àmọ́ ẹni tó pẹjọ́ ṣì máa jẹ́rìí lẹ́nu ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2 tí èkejì ò ta kò ó, ìyẹn ti tó, bó bá ta kò ó ẹ dúró kó pé 3.

Lọ́yà máa kọ pẹ́tíṣọ̀n, ìyẹn ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹ máa búra sí àfídáfíìtì, ẹ máa mú sátífíkéètì ìgbéyàwó wá, akódà á wá mú ìwé náà lọ fún ẹnì kejì. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ tí ò tíì pé 16, ẹ ti jókòó sọ ibi tó máa gbé àtẹni tó máa san owó ilé ìwé kẹ́ ẹ tó lọ, torí ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ ti máa ń há.

Decree nisi, ìyẹn àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ tí ò tíì fìdí múlẹ̀ tán, ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín, ó di ẹ̀yìn oṣù 3 kó tó di absolute, ìyẹn ìkọ̀sílẹ̀ tó parí pátápátá, táwọn ọmọ bá ti níbi tó tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, tẹ́nikẹ́ni ò sì pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ padà lọ gba sátífíkéètì absolute yẹn kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó míì o, ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíì nígbà tí ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ò tíì tú ká, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà fún un nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn.