fos Kò Jí, Tàbí Kò Sùn Rárá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Sinmi

Iṣẹ́ yìí ò le létí. A ó dín serum (omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín) inú omi oúnjẹ fibroblast (sẹ́ẹ̀lì tó ń so ẹran ara pọ̀) kù sí bíi 0.5% fún wákàtí 24 sí 48, títí wọn ó fi dáwọ́ pípín dúró. A ó wá dá serum padà, ká wo jíìnì tí wọ́n máa kọ́kọ́ dà kọ sí RNA. Láti 1984 tí Greenberg àti Ziff ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì 3T3 (fibroblast èkúté) tó ń sinmi ń bẹ̀rẹ̀ sí í da jíìnì c-fos (fos ní kúkúrú) kọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, fos ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì ń kó wá bá mi ṣáá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí èmi náà lè sinmi.

Mo fi serum sí i, mi ò rí fos.
Ìgbà wo lẹ kó sẹ́ẹ̀lì? Wákàtí mẹ́rin? Ọjà ti tú nígbà yẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni RNA rẹ̀ máa ń ga jù. Tó bá fi máa di wákàtí 2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìṣẹ́jú 30 náà ni mo kó o.
Ẹ wo ERK, purotéènì tó ń jẹ́ iṣẹ́ serum nínú sẹ́ẹ̀lì. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó yẹ kí fọ́sféètì ti wà lára rẹ̀, àmì pé ó ti jí. Bí kò bá sí, ẹjọ́ kì í ṣe ti jíìnì: serum yín tàbí sẹ́ẹ̀lì yín ló ní àrùn.

Jíìnì actin ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún fos, èsì mi ò dúró sójú kan.
Serum ń ta actin náà jí! SRF (purotéènì tó ń tan jíìnì) tó wà lórí fos wà lórí òun náà. Ẹ wá òṣùwọ̀n mìíràn.

Mo fi cycloheximide dá ṣíṣe purotéènì dúró, fos tún wá pọ̀ sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?
Kò sí. Gbogbo ohun tí fos nílò ti wà nílẹ̀ kí serum tó dé: ERK wọ inú nukiléọ́ọ̀sì, ó lẹ fọ́sféètì mọ́ Elk-1 tó wà pẹ̀lú SRF lẹ́nu jíìnì, àdàkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn purotéènì tuntun tó yẹ kó wá pa á lẹ́nu mọ́ lẹ dínà fún, RNA rẹ̀ ò sì tètè jẹrà mọ́. Jíìnì tí cycloheximide bá dá dúró ni kí ẹ kà sí ti ẹ̀yìn, tó ń dúró de purotéènì tuntun.

fos ti ga ní ìṣẹ́jú 0, kí n tó fi ohunkóhun sí i.
Háà. Èyí fojú mi rí màbo. Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan DNA tó ráyè wọ inú RNA mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Mo fi ebi pa sẹ́ẹ̀lì pẹ́ sí i, ìdajì kú, fos ò wálẹ̀. Mo pààrọ̀ serum, mo pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwo kan ṣẹ́ kù tí mo gbàgbé sínú àpótí ìgbóná. Mo kàn kó o bẹ́ẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án ṣáájú. fos rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

Àwọn yòókù ńkọ́? Mo ti fọ̀ wọ́n, mo ti bu omi oúnjẹ tuntun sí wọn, tútù láti inú fìríìjì, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ìmọ́tótó mi ló ń dá mi lóró. Òtútù, omi tó ń ṣàn lórí wọn, ìyípadà pH: gbogbo rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kà sí iṣẹ́ tí a rán sí i. Bí okùn actin bá sì ń so pọ̀, actin tó wà lọ́tọ̀ á dín kù, MRTF (olùrànlọ́wọ́ SRF) tó dì mú á bọ́, á sì lọ bá SRF. Ọ̀nà méjì nìyẹn dé ibì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ERK ni fos gbára lé jù.

Nítorí náà ẹ má pààrọ̀ omi. Ẹ bu díẹ̀ nínú omi tó wà lórí sẹ́ẹ̀lì, ẹ po serum mọ́ ọn, ẹ dá a padà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí àwo kejì gba irú ìtọ́jú kan náà láìsí serum, kí ẹ sì kó o ní àkókò kan náà. Kí ẹ ní ẹ̀kẹta tí ọwọ́ ò kàn rárá. Ohun tó bá yàtọ̀ láàárín kejì àti ẹ̀kẹta, ọwọ́ yín ló ṣe é.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àdàkọ ló pọ̀ sí i, kì í ṣe pé RNA ò tètè jẹrà?
Ẹ gbé primer yín (ègé DNA kékeré tí a fi ń wá RNA) sórí intron, apá tí wọ́n máa ń gé kúrò nínú RNA. RNA tí wọn ò tíì gé ò pẹ́ láyé. Tó bá jẹ́ ibi tí RNA polymerase, ẹ̀rọ tó ń da jíìnì kọ, dúró sí lórí jíìnì lẹ fẹ́ mọ̀ (lórí fos, ó máa ń dúró dè nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ kódà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi), ẹ wá ẹni tó ń ṣe ChIP (ọ̀nà tí a fi ń wá ibi tí purotéènì wà lórí DNA) lójoojúmọ́. Mo ti rí ohun tí àdáṣe máa ń mú jáde.

fos gòkè dáadáa, sẹ́ẹ̀lì ò pín.
Ìṣẹ́jú 30 ti fos ò ní kí sẹ́ẹ̀lì pín. Serum gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí cyclin D (purotéènì tó ń ti pípín síwájú) pọ̀ tó láti mú kí wọ́n lẹ fọ́sféètì mọ́ Rb (ìjánu pípín), kí E2F tí Rb dì mú, tó ń tan àwọn jíìnì pípín, tó gba òmìnira. Ẹni tó bá fọ serum kúrò lẹ́yìn wákàtí kan, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á padà lọ sùn.