Ẹ Má Gba Owó Kó-Jáde: Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Brooklyn

Wíwá ilé fúnra rẹ̀ ò le. Ẹ kó ìwé owó iṣẹ́ yín dání, owó fọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ ju 20 dọ́là lọ, owó kọ́ṣọ̀n ò sì gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ. Ó tán. Ẹ máa rí ilé. Ọjọ́ tí onílé bá gbé owó wá bá yín pé kí ẹ kó jáde ni mo tìtorí rẹ̀ kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tí ẹ wà. Bó bá ní fúláàtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì kọ́ ọ ṣáájú 1974, ó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní rent stabilization. Ìgbìmọ̀ kan ló ń sọ iye tí onílé lè fi kún owó irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ìwé àdéhùn yín bá parí, dandan ni kó fún yín ní òmíràn, ọdún kan tàbí méjì, èyí tó bá wù yín. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ owó fúláàtì yín lọ́wọ́ DHCR, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wọlé ni kí ẹ ṣe é.

Nígbà tí mo dé Bed-Stuy, àdúgbò kan ní Brooklyn, ní 2006, ẹ̀gbẹ́ òpópónà Fulton ni mo ń gbé. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wa nínú ilé náà: ará Trinidad, ará Barbados, àwọn tí òbí wọn ti South Carolina wá, àti èmi ọmọ Ìjẹ̀bú. Láàárín 2010 sí 2020, ìkànìyàn ìjọba fi hàn pé aláwọ̀ dúdú fi iye tó lé ní 22,000 dín kù ládùúgbò yẹn, aláwọ̀ funfun sì fi nǹkan bí 30,000 pọ̀ sí i. Mi ò bínú sí ẹni tó kó wá. Owó tó ń wọlé fún wọn ló ju tiwa lọ, onílé sì mọ̀. Lókè mi, màmá kan ń san 900 dọ́là. Bó ṣe kó jáde báyìí, ọ̀dọ́ mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gbà á ní 2,700.

Ní 2014 ó kàn mí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mò ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí ajẹ́ntì onílé kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó ń béèrè àwọn ọmọ mi lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ṣẹ́ẹ̀kì 12,000 dọ́là sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ mi. Ewédú ta sí etí ṣẹ́ẹ̀kì náà, ó fi ìka nù ún. Mi ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Mo fọwọ́ sí ìwé ojú ewé mẹ́ta láìkà á.

1,080 ni mò ń san níbẹ̀. Ní Canarsie, àdúgbò Brooklyn mìíràn tí mo kó lọ, 1,750. 670 dọ́là ló fi lé lóṣooṣù. Kí oṣù kejìdínlógún tó parí, 12,000 ti tán, mi ò tíì ka owó ìkẹ́rù mọ́ ọn.

Kí ló dé tí onílé fi ń sanwó? Nígbà yẹn, bí ayálégbé bá kó jáde, òfin gbà kó fi nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ilé fún ẹni tuntun, kó tún fi owó àtúnṣe lé e. Bó bá ti dé 2,500, fúláàtì náà lè bọ́ kúrò lábẹ́ òfin pátápátá. Ní June 2019 wọ́n fi òfin tuntun fòpin sí ìyẹn, ṣùgbọ́n owó kó-jáde ò kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ò mọ òfin ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹ̀yin náà sì ni.

Ẹ gbọ́ o, ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun nídìí oúnjẹ! Mo kìlọ̀ fún àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, “Àǹtí, owó gidi ni.” Ó gbà á. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì há sí báyìí. Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún yín ni?

Ẹ lè kọ̀. Ẹ fi ìwé sọ fún onílé pé ẹ ò fẹ́; òfin ìlú New York ò gbà kó tún fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ yín fún 180 ọjọ́. Bó bá pa hítà nígbà òtútù, ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀. Bó bá ní òun á lé yín síta lọ́la, irọ́ ni: àfi kí kóòtù pàṣẹ, ìlú sì ń fún ẹni tówó rẹ̀ ò tó ní lọ́yà ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bó bá sì fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dẹ́rù bà yín, òun gan-an ló ń rú òfin.

Ìwé ojú ewé mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá, kó kọ́kọ́ wá ka tèmi. Ojú ewé kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mi ò lè padà síbẹ̀ mọ́.